Ara Ẹtù Lára Ògiri

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Adó-Èkìtì ni pé wọ́n ní mo ti dé ilé. Ọkùnrin tó gba ìwé mi ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wo orúkọ bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Há, ọmọ wa ni! Ẹ káàbọ̀ sílé o." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ọ́fíìsì kan náà gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì bi mí pé, "Ẹ̀yin, ibo lẹ ti wá ná?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé ilé tí wọ́n ní mo dé yìí, màá máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ajá tí kò tíì gbó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Òwò ló gbé e dé òkè Gáánà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyá mi, ọmọ onílẹ̀ kan lẹ́bàá Bọ́lígà, a sì dàgbà ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, ní Tàmálè, níbi tí Yorùbá, Haúsá àti èdè ìyá mi ti ń du ẹnu wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Gáánà ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn, bàbá mi wà lára àwọn tó lọ. Ìyá mi àti àwa ọmọ dúró. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá kú sí Ògbómọ̀ṣọ́. A ò rí sàréè rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan wá le koko ní Gáánà, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà bí omi òjò, àwọn tíṣà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá síbí. Mo bá wọn kọjá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé mi sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọnà.

Ohun tí mo rántí jù nípa ìrìn àjò bàbá mi kì í ṣe ọkọ̀ tó gbé e. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Obìnrin tó máa ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ wa kò yá iyọ̀ mọ́. Àwọn tó máa ń bá bàbá mi ta ayò níwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà kejì. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó ju òkò. Wọ́n kàn dákẹ́ ni, bàbá mi sì rò pé iṣẹ́ ló ká wọn mọ́. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Èmi ọmọ rẹ̀ fura títí ó fi di àìsàn sí mi lára.

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín jẹ o, àwọn ará Adó ò ṣe mí níkà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pa mí. Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi ni mò ń sọ, òun náà ti pẹ́ ní Gáánà kó tó bí mi, ọ̀rọ̀ mi sì dà bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, tí ọ̀rọ̀ Haúsá kan bá já wọ ẹnu mi, wọn á fi ìwé bojú, èjìká wọn á máa gbọ̀n. Àǹtí Gáánà ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí àwọn náà bá sì ń sọ èdè Èkìtì láàárín ara wọn, èmi ni màá dúró bí ère. Mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Nígbà mìíràn, èmi náà ni wọ́n ń sọ lóòótọ́.

Ilé tí mo rí gbà, ti Ìyá Kátíkíìsì ni. Opó ni màmá yìí. Ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ kátíkíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè títì wa títí ó fi kú, àga iwájú pátápátá sì ni màmá fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ilé amọ̀ ni ilé náà, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo iwájú rẹ̀ ti ń ṣí. Màmá àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbé apá kan, Bàbá Téèlọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, èmi gba yàrá kan àti pálọ̀, ilẹ̀kùn mi sì kọjú sí títì.

"Ọkọ ńkọ́?" Ìbéèrè tí Màmá kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Kò tíì sí, Màmá."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. "Ó dáa. Ulé yìí kò fẹ́ ariwo. Bọ́ síbẹ̀."

Pálọ̀ mi ṣófo. Ní gbogbo pálọ̀ tí mo ti wọ̀ ní Adó, ohun kan náà ni mò ń rí: àga onítìmùtìmù tí wọ́n fi aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́róṣé ṣe bò lórí, òdòdó oníke tí eruku ti bà lé, fọ́tò àwọn bàbá tó kú tí wọ́n gbé kọ́ sókè débi pé ọrùn á máa dun ènìyàn, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó kún fún ife tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mu tíì. N ò fi ojú yẹpẹrẹ wò wọ́n o, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sáàárín wọn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ohun tí mo fẹ́ ni ilé tó dà bí ilé ìyá ìyá mi: ohun amọ̀, ohun igi, ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti dán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ Sátidé mi fún un. Màá wọ mọ́tò lọ sí Ìyìn, nígbà mìíràn màá dé Ìgèdè, màá máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, màá máa béèrè bóyá wọ́n ní ohun àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́. Ọpọ́n onígi tó ti là, ìkòkò Ìsàn tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, kíjìpá tí ìyá àgbà kan hun nígbà tí ó wà lọ́mọge, ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu ọ̀nà tó já. Àwọn ènìyàn náà ń sọ ilé wọn di tuntun, wọ́n ń ra ike, wọ́n ń ra páànù, inú iná ìdáná sì ni ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ń lọ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà pé mo kàn fẹ́ràn wọn.

"Kí lẹ fẹ́ fi ọpọ́n tó là ṣe?" Obìnrin kan ní Ìgèdè di ọpọ́n náà mú gírígírí bí ẹni pé mo fẹ́ já a gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ààtàn ló ń gbé e lọ.

"Ara ògiri ni mo fẹ́ gbé e kọ́, Mọ̀ọ́mi."

"Ara ògiri?" Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde. "Wá gbọ́ o. Ó ní ara ògiri lòun fẹ́ gbé ọpọ́n kọ́."

Ọmọ rẹ̀ wò mí. "Ṣé òyìnbó lẹ fẹ́ tà á fún ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣoògùn?"

Mo búra fún wọn. Wọ́n fún mi ní ọpọ́n náà, ṣùgbọ́n ìyá náà kọ́kọ́ fi omi ṣàn án nù dáadáa níwájú mi, kí n má bàa gbé orí rere ilé wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé e lọ sí ìdí mọ́tò, mo mọ̀ pé wọ́n ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi.

Ṣùgbọ́n pálọ̀ náà dára! Mo tẹ́ ẹní Ògọ̀tún sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo to ìkòkò Ìsàn sí igun kan, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀, mo ta kíjìpá sórí okùn lójú fèrèsé. Mo yí odó àtijọ́ kan dojú dé kó lè di àpótí ìjókòó. Nígbà tí Màmá wọlé wá wò ó, tí mo ní kó jókòó, ó fò sẹ́yìn.

"Sórí odó? Ta ní í jókòó sórí odó? Ẹ̀yin ará Gáánà wọ̀nyí!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti odó náà dìde. Lẹ́yìn náà ló wá lọ fọwọ́ kan kíjìpá. "Yèyé mi máa ń hun èyí," ó ní. "O ò jẹ́ bi mí? Ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn mi."

Ó lọ gbé e wá fún mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò rántí láti fura.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbẹ, ọkàn mi sì fà sí ilé. Àsìkò yìí gan-an, lẹ́yìn ìkórè, ni àwọn obìnrin ilé ìyá mi máa ń kun ògiri. Iṣẹ́ obìnrin nìkan ni. Wọ́n á po ilẹ̀ pupa, wọ́n á po ẹfun, wọ́n á lọ òkúta dúdú kúnná, wọ́n á fi òkúta odò dán ògiri títí á fi tutù sí ọwọ́, wọ́n á sì fi omi èèpo èso irú tí wọ́n sè pa á kó má bàa ṣí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Àmì ilé ìyá mi ni ara ẹtù: ilẹ̀ dúdú, tótòtó funfun àti pupa lórí rẹ̀, kíkún fọ́fọ́. Ẹtù kì í gbàgbé ọ̀nà ilé, wọ́n ní.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá. "Kun ún," ó ní, "ó ti dọ̀tí jù." Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ kùn síbẹ̀. Ó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìyìn fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti parí iṣẹ́ kó tó dé. Ògiri iwájú, láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Téèlọ̀, di ara ẹtù. Mo dúró sójú títì, mo wò ó, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ohun kan ní Adó tó jẹ́ tèmi.

Màmá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbé àpò rẹ̀ dání. Mo sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó wo ògiri náà, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò dá mi lóhùn nígbà tí mo ní ẹ káàbọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìyìn, òun nìkan ló padà. Bàbá Téèlọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá sí òdìkejì títì, ó ní oòrùn ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Mo bi ara mi pé látìgbà wo ni téèlọ̀ ti ń wá oòrùn. Ẹlẹ́kọ tó máa ń sọ igbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀, tí á máa bá mi ṣàwàdà nípa ọkọ tí n kò ní, ojú títì ló ti ń ké sí mi báyìí, n ó sì lọ bá a níbẹ̀. Kò fi owó mi sínú àpò rẹ̀ tààrà. Ó ń jẹ́ kí n gbé e sórí ìdérí igbá. Àwọn tó bá kọjá níwájú ilé á yára, wọ́n á sì fi ojú sí ilẹ̀.

Àti omi. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá rí i pé ẹnì kan ti da omi sẹ́nu ọ̀nà mi, ilẹ̀ náà á ṣì tutù, nínú ọyẹ́ tí ètè ènìyàn ń là. Mo mọ ohun tí mo rò. Mo rò pé wọ́n ti lọ bá ẹnì kan tó fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á fi lé mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ibẹ̀ kọjá bí ewúrẹ́ tó ń fo gọ́tà.

Ṣé ẹ rí i, bí ènìyàn bá ti ní ìfura nínú, gbogbo nǹkan ni í máa bá a mu. Mo padà ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíjìpá tí Màmá fún mi: ó fẹ́ kí n túra sílẹ̀ ni. Ẹ̀rín tó rín nítorí odó: ó ń dán mi wò ni. Bóyá ẹlòmíràn ti fẹ́ gba yàrá náà ní owó tó ju tèmi lọ. Bóyá wọ́n ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ lé àwọn ará Gáánà, tí èmi nìkan kò sì gbọ́. Bàbá mi jẹ́ Yorùbá ní Gáánà, èmi jẹ́ ará Gáánà láàárín Yorùbá. Mo bi ara mi pé ibo gan-an ni wọ́n ti ń tẹ́wọ́ gba irú wa.

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi fóònù pe ilé. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Tàmálè, a sì ti fi lẹ́tà ṣe àdéhùn pé kí ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Ohùn ìyá mi wá bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Ìyá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," mo pariwo ní èdè wa. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. "Bí wọ́n ṣe ṣe sí Bàbá ni wọ́n ń ṣe sí mi yìí. Wọ́n ti dákẹ́."

"O ti bi wọ́n?"

"Kí ni kí n bi wọ́n?"

"Ohun tó fà á. O ti bi wọ́n?"

"Ta ní í bi ọ̀tá ní—"

"Gbọ́," ìyá mi ní. Ariwo kan gba inú wáyà kọjá, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ tún jáde. "Bàbá yín kò bi ẹnikẹ́ni. Bí ó bá bi wọ́n ni, èmi ni ì bá kọ́kọ́ bi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi náà kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á kó ẹ̀yin ọmọ mọ́ ọn. Èmi náà dákẹ́. Lọ bi wọ́n."

Wáyà náà já. Mo dúró, mo di fóònù mú títí obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti ń ka àwọn tó dákẹ́ sí bàbá mi, n kò ka ìyá mi mọ́ wọn rí. Inú bí mi sí i, mo sì káàánú rẹ̀, méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn lọ́kàn mi bí mo ṣe ń gun òkè bọ̀ wálé.

Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá. Ó wo ojú ọ̀run, níbi tí ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan. "Ẹ̀ẹ̀rùn nìyí," ó ní. "A ò lè sọ ọ́ nísinsìnyí. Jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀."

"Kí ni òjò fẹ́ ṣe sí i?"

"Mo ní jẹ́ kí òjò rọ̀." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Lójú ara mi, ó ti yé mi. Wọ́n fún mi títí di àkọ́rọ̀ òjò kí n fi kó jáde. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba Gáánà dá fún bàbá mi. Mo wọlé, mo tú kíjìpá lójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹní Ògọ̀tún wé àwọn ìkòkò. Mo ń sunkún, mo sì ń bú wọn ní èdè mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ariwo rẹ̀ ló gbé Màmá wọlé.

"Kí lò ń dì?"

"Ẹrù mi ni. N kò ní dúró kí òjò tó wá lé mi."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá! Ẹ̀yin àti gbogbo ará títì yìí. Ẹ kó àwọn ọmọ sá fún mi, ẹ ń da nǹkan sẹ́nu ọ̀nà mi. Bí ẹ ò bá fẹ́ ará Gáánà, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú!"

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí jáde síwájú ògiri náà nínú oòrùn gangan. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè dé èjìká. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí apá rẹ̀ níhòòhò rí. Awọ apá náà kún fún kòtò wẹ́wẹ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká, ọ̀kan lórí èkejì. Ó mú ìka mi, ó fi sínú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka kan náà lé tótòtó funfun kan lára ògiri mi.

"Ó yé ọ?"

Ó yé mi. Mo la ẹnu, ó sì yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Má pè é! Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà."

Títí di òní, n kò lè kọ orúkọ náà gan-an. Olóde ni mo lè kọ, òrìṣà tó ń fi ilẹ̀ gbígbóná jà, tí àwọn tó wá bupá fún wa nílé ẹ̀kọ́ ní àwọn ti lé lọ. Ní ilé bàbá mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun ojúbọ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Odó, Màmá lè bá mi wí nítorí odó, kó sì rẹ́rìn-ín. Ti èyí, ẹnikẹ́ni ò lè là á sí mi létí kí òjò tó rọ̀, nítorí ẹni tó bá pè é ní ẹ̀ẹ̀rùn ló ké sí i wálé.

"Orí ilẹ̀ yìí ni ulé bàbá mi wà," Màmá ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin la jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ulẹ̀kùn, èmi nìkan ló dáhùn. Àwọn aborẹ̀ rẹ̀ wá, wọ́n kó gbogbo ohun tí a ní, wọ́n sì kun ògiri fún un. Funfun, pupa. Bí o ṣe kùn ún yìí gan-an, Tíṣà. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, mo rí i."

Mo wólẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo ní n ó fọ̀ ọ́, n ó ha á, n ó fi sìmẹ́ńtì bò ó.

"Dìde. Omi ẹnu ọ̀nà rẹ, èmi ni mò ń dà á. Omi tútù la fi ń bẹ̀ ẹ́ kó kọjá. Bí yèyé mi ṣe kọ́ mi nìyẹn." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Opó kátíkíìsì ni mí."

Ó tún kọjú sí ògiri náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rò pé ò ń kùn?"

"Ẹtù ni, Màmá. Ara ẹtù. Àmì ilé ìyá mi ni."

"Ẹtù? Ẹtù ti oko?" Ó sún mọ́ ọn, ó tún sún sẹ́yìn. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká rẹ̀, mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. "Orí rẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Ẹyẹ wo ni kò lórí? Gbé uṣẹ́ rẹ wá, ọmọ mi, kun orí sí i! Jẹ́ kí ará ùlú mọ̀ pé adìyẹ oko ni wọ́n ń sá fún."

Ìyá mi àti àwọn ìyá rẹ̀ kò kun orí sí ẹtù rí. Èmi kùn ún. Mo fi ẹfun pa àyíká wọn kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, mo fi ọrùn tín-ínrín sí wọn, mo fi àgógó sí wọn, mo fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré kiri ara ògiri. Bàbá Téèlọ̀ ló kọ́kọ́ rékọjá títì. Ó dúró, ó fi ìwọ̀n téèlọ̀ rẹ̀ kọ́rùn. "Tíṣà," ó ní, "èyí tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà yìí ti sanra. Ìgbà wo la máa pa á?" Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ti padà láti Ìyìn, wọ́n ti fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tíì tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Ìjọ àti àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì méjì wá kí Màmá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí wọ́n pe èmi náà. Bàbá Ìjọ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan dé etí wa. Wọ́n ní ẹnì kan ń da omi ètùtù sẹ́nu ọ̀nà ulé yìí ní ìdájí. Ulé kátíkíìsì! Àwa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Àlejò yín yìí ni a fẹ́ bi." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ má bẹ̀rù. Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tí ẹ ti wá ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò lè máa gbé ibí."

Ojú Màmá ni mò ń wò, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kò ní láti purọ́ mọ́ mi. Kò ní láti sọ ohunkóhun rárá. Bó bá dákẹ́ nìkan, gbogbo rẹ̀ á dúró bó ṣe wà: àga rẹ̀ níwájú, orúkọ ọkọ rẹ̀, ọ̀wọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ìjọ. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ. Mo mọ̀ pé á dákẹ́. Ìyá tó bí mi dákẹ́. Mo ti ń ronú ibi tí màá sùn.

"Èmi ni," Màmá ní.

Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, ẹ má tìtorí àlejò—"

"Mo ní èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu omi náà, mo sì mọ ẹni tí mò ń bẹ̀." Ó gbójú sókè. "Àlejò wo lẹ sì ń wí? Èmi àti àwọn ọmọ mi ló ń gbé ulé yìí. Bí ẹ bá rí àlejò níbẹ̀, ẹ mú un jáde kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó dìde.

Wọ́n bá a wí gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba Oúnjẹ Olúwa títí di Àjíǹde, kó sì kúrò ní àga iwájú. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ti jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí mo máa ń jókòó sí, nítòsí ilẹ̀kùn, kí n lè tètè jáde. Mo rí i tó wọlé nínú aṣọ funfun rẹ̀, gbogbo ojú ń tẹ̀ lé e. Ó kọjá lára àwọn àga tó ṣófo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìdí tì mí díẹ̀.

"Sún sọ́hùn-ún," ó ní, ó sì ṣí ìwé orin rẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì.